Olú ilé iṣẹ́ tuntun l'Ábẹ́òkúta: ṣé ká fọ́ àpáta ni, àbí ká kọ́lé yí i ká?

Ọmọ Ìtókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan fẹ́ kọ́ olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí apá Òkè-Mosàn. Ilẹ̀ náà fẹ̀ ní mítà 48, ó gùn ní mítà 70, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: òkè rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 6 ga ju ìsàlẹ̀ tí gọ́tà gbà kọjá lọ. Àpáta ńlá kan jókòó sí apá òkè, ó gba tó ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà.

Akítẹ́ẹ̀tì ti gbé àwòrán wá, ó ní organic architecture ni. Ilé náà rí bí ewé kókò tó ká, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, fún òṣìṣẹ́ 120. Gbogbo ògiri rẹ̀ ló tẹ̀. Iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dókè, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn kí àlejò lè máa wo ọ̀ọ́kán Olúmọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fọ́ àpáta, kí ilẹ̀ tẹ́jú, kí wọ́n kọ́ ilé onígun mẹ́rin tí gbogbo bíríkìlà mọ̀. Àwọn tó kù ní àwòrán yìí ló máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ ga.

Mo fẹ́ kí ẹ bá wa là á yé. Ṣé àpáta yẹn ṣe é fi sílẹ̀? Ṣé ògiri títẹ̀ ò kọjá agbára bíríkìlà wa? Wọ́n tún ní ilé báyìí kì í nílò éésì, ṣé òótọ́ ni? Òjò ńkọ́?

Akítẹ́ẹ̀tì Ìbarà

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n ti dà pọ̀ nínú àwòrán yẹn. Ilé tó tẹ̀ lọ́tọ̀, organic architecture lọ́tọ̀. Frank Lloyd Wright, akítẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí orúkọ yìí tàn kálẹ̀, ohun tó sì ń wí ni pé kí ìrísí ilé ti inú ilẹ̀ tó wà jáde, kó ti inú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ jáde, kó sì bá ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ọ mu. Ilé lè tọ́ bíi rúlà kó jẹ́ organic. Ó lè ká bí ìgbín kó má jẹ́.

Ẹ wo olú ilé iṣẹ́ Johnson Wax tí Wright kọ́ sí ìlú Racine láàárín 1936 sí 1939. Gbàgede tí àwọn akọ̀wé ń jókòó sí kò ní ògiri láàárín, òpó tó rí bí igi ló gbé òrùlé rẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan ò ju séńtímítà 23 lọ, orí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 5 àbọ̀, bí ewé òṣíbàtà. Àwọn aláṣẹ ò gbà pé ẹsẹ̀ tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹrù, wọ́n bá ní kí wọ́n kọ́ ọ̀kan dán an wò. Tọ́ọ̀nù 12 ló yẹ kó gbé. Wọ́n ń kó ẹrù lé e títí ó fi gbé 60. Ìdí tí ó fi rí bí igi ni pé orí tó fẹ̀ yẹn ni òrùlé fúnra rẹ̀, kò sí bíìmù kankan, àlàfo tó wà láàárín orí kan sí ìkejì sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹ bi akítẹ́ẹ̀tì yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ibi tí ògiri yìí ti tẹ̀, iṣẹ́ wo ni títẹ̀ rẹ̀ ń ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó lẹ́wà" ní gbogbo ibi, ẹ jẹ́ kó padà sídìí tábìlì.

Fún olú ilé iṣẹ́ ní pàtó, ẹ̀kọ́ wà nínú ilé báńkì NMB ní Amsterdam, tí wọ́n parí ní 1987. Wọn ò kọ́ àpótí ńlá kan. Wọ́n pín in sí ilé gogoro mẹ́wàá tó so kọ́ra, ojú ọ̀nà kan nínú ilé ló gba àárín gbogbo wọn kọjá, kí òṣìṣẹ́ lè máa pàdé ara wọn, kí tábìlì má sì jìnnà sí fèrèsé. Àwa náà ní tiwa. Àkòdì tí àwọn baba wa ń kọ́, ìyẹn yàrá yíká àgbàlá tí òrùlé rẹ̀ ń da omi òjò sí àárín, organic ni kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Demas Nwoko mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé ìgbàlódé n'Íbàdàn, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion ti gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ ní Venice ní 2023. Kò dìgbà tí ẹ bá sọdá òkun.

Tí ẹ bá tẹ̀ lé ti ilẹ̀ yín, àpáta yẹn ló yẹ kó jẹ́ àárín àkòdì. Kí ilé pín sí apá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 12 ní ìbú àti mítà 20 ní gígùn, kí wọ́n gbá àpáta mọ́ra. Ìyẹn fún yín ní mítà onígun mẹ́rin 480 lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Ní àjà mẹ́ta, ó tó fún ènìyàn 120.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú àwòrán yẹn ni gíláàsì ìwọ̀ oòrùn. Ábẹ́òkúta wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìparí oṣù Kejìlá, nígbà tí oòrùn bá ga jù lóòjọ́, gúúsù ló wà, ní ìwọ̀n 59 sókè láti ojú ilẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹfà, ó ti bọ́ sí àríwá, ní ìwọ̀n 74. Fèrèsé tó ga ní mítà 1.8 tó kọjú sí gúúsù, ìbòrí tó yọ síta ní mítà 1.1 á dí oòrùn ọ̀sán lórí rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ti àríwá, séńtímítà 55 ti tó. Ṣùgbọ́n bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù, oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 26 ní ìwọ̀ oòrùn, ìbòrí tó máa dí i á yọ síta ní mítà 3.7. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ irú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gígùn ilé lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Kí àtẹ̀gùn, ilé ìtọ́ àti yàrá ìkẹ́rùsí wà ní ìparí ìwọ̀ oòrùn. Olúmọ tí ẹ fẹ́ máa wò, ẹ fi fèrèsé kan sí ibi ìsinmi àtẹ̀gùn, mítà 1.2 ní fífẹ̀, kí abẹ kọnkéré, ìyẹn ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí oòrùn, dúró ní òòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gòkè á dúró wò ó, á sì máa lọ.

Ẹ kíyè sí i tí wọ́n bá tún sọ pé wọ́n á fi àwòrán adìrẹ Ìtòkú ṣe búlọ́ọ̀kù oníhò sí iwájú ilé. Ohun tó dáa ni, bí ihò rẹ̀ bá jìn tó fífẹ̀ rẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń dí oòrùn tó ga ju ìwọ̀n 45 lọ. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, aṣọ lásán ni.

Ẹnjiníà Ìpìlẹ̀

Ó ti mú ti òkè, èmi á mú ti ìsàlẹ̀. Gíránáìtì ló wà lábẹ́ ìlú yìí, kì í sì í tẹ́ bíi tábìlì. Ó lè yọrí síta níbì kan, kó sì rì ní mítà 8 síbi tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ pílà kan á wà lórí àpáta, ìkejì á wà lórí yangí tàbí àpáta tó ti jẹrà. Ti orí àpáta ò ní mira. Ti orí ilẹ̀ lè rì ní mìlímítà 15 sí 25 bí ẹrù ilé bá ti ń wọ̀ ọ́ lára. Láàárín pílà méjì tó fi mítà 6 jìnnà síra, ìyàtọ̀ tó bá ti kọjá nǹkan bíi mìlímítà 12, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ ó rí i kó la láti igun fèrèsé lọ sísàlẹ̀ ní dídábùú. Ẹ lè fi símẹ́ǹtì dí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, á tún là, torí ìsàlẹ̀ ni àrùn wà.

Nítorí náà, ẹ má gba àyẹ̀wò ilẹ̀ oníhò mẹ́ta. Ibi tí pílà tó gbé ẹrù jù wà, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kan òkúta, kí wọ́n má dúró, kí wọ́n wọ inú rẹ̀ ní mítà 3 ó kéré tán, kí wọ́n sì fa kọ́ọ̀ rẹ̀, ìyẹn òkúta gbọọrọ tí ẹ̀rọ gé nínú ihò, jáde fún yín wò. Ọ̀pọ̀ òkúta ló wà nínú ilẹ̀ yìí tó dá wà bí ẹyin nínú iyanrìn; ẹni tó bá dúró ní ìdajì mítà á kọ̀wé pé òun ti dé àpáta, orí ẹyin ló sì máa gbé pílà yín lé.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè mú gbogbo ẹsẹ̀ pílà dé orí àpáta, bí èyí tó jìn jù ò bá ju mítà 3 sí 4 lọ. Bí ó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ẹ ya ilé ní méjì: apá orí àpáta lọ́tọ̀, apá orí ilẹ̀ lọ́tọ̀, kí àlàfo mìlímítà 25 wà láàárín wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ilé apá méjì tí akítẹ́ẹ̀tì dá lábàá gba èyí dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí tílé-olówó-ńlá kankan bo àlàfo yẹn mọ́lẹ̀, á fọ́.

Níbi tí ojú àpáta bá ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n gé e bí àtẹ̀gùn kí ẹsẹ̀ pílà lè jókòó pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, irin 25 mìlímítà mẹ́rin ó kéré tán lábẹ́ pílà kọ̀ọ̀kan, kí ó wọ inú àpáta ní mìlímítà 600, kí wọ́n fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń le, gbà á mú. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ níbí kéré lójú: eruku. Bí wọ́n bá lu ihò tán tí wọn ò fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, tí wọn ò fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, tí wọn ò tún fẹ́ ẹ, epoxy á lẹ̀ mọ́ eruku, kò ní lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹ lè fi ọwọ́ fa irin bẹ́ẹ̀ yọ.

Ìwọ̀nba àpáta tó bá di dandan láti gé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni finá sun ún. Mo mọ̀ pé ọ̀nà yẹn pẹ́ nílùú, táyà jíjó lórí òkúta kí ó lè sán. Ṣùgbọ́n iná ò mọ ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró. Àwọn hóró tó para pọ̀ di gíránáìtì kì í wú bákan náà nínú ooru, ojú èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ á máa bó wẹ́wẹ́, èéfín á sì dúdú mọ́ ọn. Kí wọ́n lu ihò tò ní ìlà, séńtímítà 15 sí 20 síra wọn, kí wọ́n ki wẹ́jì irin bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ láti ìparí kan dé ìkejì. Ó máa là gẹ́gẹ́ bí ìlà. Símẹ́ǹtì tó ń wú náà wà, èyí tí wọ́n ń pò dà sínú ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 38, tí á la òkúta láàárín ọjọ́ kan láìsí ariwo. Ẹ̀tù gba ìwé àṣẹ, nínú ìlú tí ilé sún mọ́ra yìí mi ò dámọ̀ràn rẹ̀.

Omi wá ni. Àpáta kì í mu omi. Èyí tí ẹ sọ yìí tó mítà onígun mẹ́rin 800. Òjò ńlá tó bá rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 láàárín wákàtí kan, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn wá bá ilé: kúbíkì mítà 80, ìyẹn lítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Páìpù 110 mìlímítà tó lọ sísàlẹ̀ ní séńtímítà 1 sí mítà kan ò lè gbé ju lítà 8 lọ. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kọnkéré aláìnídèérí, mìlímítà 300 ní fífẹ̀ àti ní jíjìn, sí ẹsẹ̀ àpáta. Èyí gbé e dáadáa, àyè sì tún ṣẹ́ kù fún ewé àti ẹrẹ̀.

Kọnkéré ilé ò gbọ́dọ̀ kan àpáta. Ẹ dá ilẹ̀ yàrá dúró ní mìlímítà 50 sí i, kí ẹ ki okùn fóòmù sínú àlàfo náà, kí ẹ fi síláǹtì tó ń nà bò ó. Oòrùn ń mú àpáta wú ní ọ̀sán, ó ń sún kì lóru. Bí ẹ bá fi símẹ́ǹtì líle dí i, ọdún kan ò ní í pé kó tó là, omi á gbabẹ̀ wọ ọ́fíìsì.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, ilé Fallingwater tí Wright kan náà kọ́ ní Pennsylvania, ó fi àpáta sílẹ̀ kí ó yọrí láàárín yàrá ìgbàlejò, níwájú ibi ìdáná. Àpáta yẹn ò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni bákónì tó nà sórí omi: irin inú rẹ̀ kéré, ó sọ̀ ní nǹkan bíi séńtímítà 18, ní 2002 ni wọ́n tó fi okùn irin fà á mú. Ibikíbi tí ewé kókò yín bá ti nà síta láìní ẹsẹ̀, kí ẹnjiníà ṣírò bó ṣe máa sọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n tú pákó nìkan. Kí igi tó tì í lábẹ́ sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28.

Fọ́máànù Adátíbà

Lórí ògiri títẹ̀: kò kọjá agbára bíríkìlà, bí ẹ bá fún un ní rédíọ̀sì (bí ògiri ṣe jìnnà sí àárín òbìrí rẹ̀) tó ṣe é kọ́. Ẹ wò ó báyìí. Búlọ́ọ̀kù náìnì íńṣì jẹ́ mìlímítà 450 ní gígùn, 225 ní ìbú. Bí ẹ bá tò ó yíká, inú á sún mọ́ra, ẹ̀yìn á yà. Bí rédíọ̀sì bá jẹ́ mítà 10, tí ẹ fi mìlímítà 10 sí oríkèé inú, ti ẹ̀yìn á di 20. Ó ṣì dára. Bí ó bá jẹ́ mítà 5, ti ẹ̀yìn á di 30, àpòpọ̀ símẹ́ǹtì tó nípọn bẹ́ẹ̀ á máa sún kì, á sì là. Fún mítà 5, ẹ lo àbọ̀ búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n mọ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní mọ́ọ̀lù, kì í ṣe kí wọ́n máa fi àdá gé e lójú iṣẹ́. Tí rédíọ̀sì bá kéré sí mítà 3, ẹ fi kọnkéré dà á, kí ẹ má fìyà jẹ bíríkìlà.

Fún yíyàn lórí ilẹ̀, ẹ gbin irin sí àárín, kí ẹ fi wáyà tó le fà á yíká. Okùn ọ̀rá ń nà, á jẹ yín ní séńtímítà 2 kí ẹ tó yí ìdajì. Kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní gbogbo kọ́ọ̀sì (ìtò búlọ́ọ̀kù) mẹ́ta, torí ògiri títẹ̀ kì í fi àṣìṣe rẹ̀ hàn lójú bí èyí tó tọ́.

Ní ilẹ̀ tiyín, àárín rédíọ̀sì lè bọ́ sórí àpáta tàbí lẹ́yìn rẹ̀, wáyà ò ní kọjá. Nígbà náà, ẹ na òwú gbọọrọ láàárín èèkàn méjì tó fi mítà 6 jìnnà síra. Fún rédíọ̀sì mítà 10, láti àárín òwú gan-an, ẹ wọn séńtímítà 46 jáde. Ní mítà kan sí ọ̀tún àti òsì àárín, séńtímítà 41. Ní mítà méjì, séńtímítà 26. Ní èèkàn fúnra rẹ̀, òdo. Ẹ kan ìṣó sí ibi méje yìí, kí ẹ tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ wọn, ẹ ti rí ìlà ògiri yín. Bí pákó bá dá lágbedeméjì tàbí tó ṣẹ́ kọ́rọ̀ níbì kan, ìṣó ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀n tì, kì í ṣe pákó.

Bíìmù tó tẹ̀ gba ìṣọ́ra ju ògiri lọ. Ẹrù máa ń fẹ́ lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ. Kí ríńgì irin rẹ̀ pa ẹnu dé pátápátá, kí orí rẹ̀ ṣẹ́ wọ inú kọnkéré, kí irin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ bíìmù, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń tẹ irin, tí bíìmù tó tọ́ nìkan ti mọ́ lára, ríńgì aláfẹnu-ṣí ni wọ́n máa gbé wá bí ẹnjiníà ò bá dúró tì wọ́n. Pákó fọ́ọ̀mù ò le: pákó máríìnì 12 mìlímítà á tẹ̀ fúnra rẹ̀ fún rédíọ̀sì mítà 10. Èyí tó bá ká jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 6 mìlímítà méjì lé ara wọn.

Olùṣirò Owó

Ẹ dákun, ẹ má gbàgbé owó. Ilé rìbìtì tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 400, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ní mítà 71; ti onígun mẹ́rin dọ́gba jẹ́ 80. Òkìkí pé títẹ̀ ń ná owó jù kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Ewé kókò tó ní etí tó wọlé tó jáde ni ìṣòro, ògiri rẹ̀ lè kọjá mítà 110 fún ilẹ̀ yàrá kan náà. Ògiri, píláásítà, ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a gùn.

Ẹ tún ṣírò àwọn nǹkan tó wà lójú gígùn: tábìlì mítà 1.4, kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì, tílé 600 sí 600. Igun tó bá ṣẹ́ kù láàárín wọn àti ògiri títẹ̀, ẹ ti sanwó rẹ̀, ẹ ò ní lò ó. Ìmọ̀ràn mi ni kí títẹ̀ wà níbi kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá, ìyẹn ìloro àti ògiri tó yí àpáta ká, kí ọ́fíìsì tọ́.

Afẹ́fẹ́ àti Iná

Lórí éésì, ilé tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni Eastgate ní Harare, tí Mick Pearce yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1996. Òkìtì ọ̀gán ni wọ́n wò ṣe é: lóru, fáànù ń fa atẹ́gùn tútù gba inú àjà kọnkéré, kọnkéré á tutù, á sì máa gba ooru ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ilé dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Harare wà lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,500 ju òkun lọ, òru rẹ̀ tutù, ó sì gbẹ. Òru Ábẹ́òkúta sábà máa ń wà ní ìwọ̀n 22 sí 24, pẹ̀lú ọ̀rinrin. Kò sí òtútù púpọ̀ tí kọnkéré máa fi pamọ́. Ẹni tó bá da ọgbọ́n Harare kọ síbí láìyí i padà, ó ń tà yín ní ọjà tí kò bá yín mu.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbí ni kí atẹ́gùn kọjá lára ènìyàn. Bí àjà bá ga ní mítà 3, atẹ́gùn lè la yàrá tó fẹ̀ tó mítà 15 já, bí fèrèsé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ògiri ò sì dí i láàárín. Mítà 12 tí akítẹ́ẹ̀tì sọ yẹn dára. Bí ẹ bá fi pálọ̀ gígùn sí àárín, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ ti pa á. Atẹ́gùn wa ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá ní ọ̀pọ̀ oṣù, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà oòrùn wá. Jẹnẹrétọ̀ ní láti wà níbi tí èéfín rẹ̀ ò ní fẹ́ sínú ilé ní ìgbà tó gùn jù, ìyẹn àríwá ìlà oòrùn ilẹ̀ yín, kí ẹ sì gbé èéfín rẹ̀ ga kọjá fèrèsé nítorí oṣù ọyẹ́.

Ẹ wo irú fèrèsé náà dáadáa. Sláídìǹgì tí gbogbo ayé ń lò, ìdajì rẹ̀ ló ń ṣí láéláé. Lúfà ń ṣí tán, ó sì ṣe é ṣí nígbà tí òjò ń rọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lè gé atẹ́gùn kù tó ìdajì bí eruku bá ti dí i, kí ẹ ka fífọ̀ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ oṣooṣù, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Fáànù òkè tó ń fẹ́ jẹ́jẹ́ ń jẹ́ kí ara gbà pé ooru ti fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 dínkù.

Kí éésì wà, ṣùgbọ́n níbi tó bá yẹ nìkan: yàrá sáfà (ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ńlá), yàrá ìpàdé, gbọ̀ngàn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sanwó. Kí ògiri àti ilẹ̀kùn yí àwọn yàrá yìí ká dé òkè àjà. Bí éésì àti fèrèsé ṣíṣí bá pàdé nínú yàrá kan, ọ̀rinrin ìta á wọlé, á di omi lára ògiri tútù, èbu dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye kún ti gíláàsì tí wọ́n ń sọ lókè. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó kọlu ògiri ìwọ̀ oòrùn lè tó wáàtì 500 sí 600 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Gíláàsì lásán ń jẹ́ kí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ wọlé. Mítà onígun mẹ́rin 40 pére, ẹ ti ní kílówáàtì 16 sí 19. Éésì 2HP mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa ṣiṣẹ́ nítorí oòrùn yẹn nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú yàrá. Lójoojúmọ́.

Ọmọ Ìtókò

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á máa bù kún ìmọ̀ yín. Ó ti hàn sí mi pé àpáta ò ní kúrò. Ó ku òrùlé. Akítẹ́ẹ̀tì wa ò fẹ́ kí ewé kókò kúrò níbẹ̀, ó ní òun ni àmì ilé náà. Ṣé ó ṣe é fi sórí ìloro nìkan? Ó sì tún ń sọ nípa gbígbin koríko sórí rẹ̀.

Akítẹ́ẹ̀tì Ìbarà

Ó ṣe é ṣe, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ. Apá méjèèjì ilé, ẹ fi páànù lọ́ńgúsípánnù tó nípọn ní mìlímítà 0.55 bò wọ́n, kó da omi síta, kí orí rẹ̀ má ní kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ tí òrùlé méjì ti pàdé ni omi máa ń gbà wọlé, ewé kókò tó bo gbogbo ilé ì bá sì ní mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá irú ẹ̀. Sórí ìloro, kí ewé kan ṣoṣo wà, kọnkéré, nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 60, lórí òpó mẹ́rin. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù irin kan fún òpó náà, kí ẹ lò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Òpó mẹ́rin tó dọ́gba dára ju méje tí kò jọra.

Ẹ wo ewé kókò fúnra rẹ̀ lẹ́yìn òjò: omi kì í dúró lórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń yí lọ sí ẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Kí ojú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní séńtímítà 1 sí séńtímítà 60 ó kéré tán, sí ẹnu kan tó da omi sínú gọ́tà àpáta yẹn. Ihò méjì 110 mìlímítà ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ọ̀kan tó láti gbé omi náà, ìkejì wà fún ọjọ́ tí ewé bá dí àkọ́kọ́. Kí aṣọ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé gùn sára etí rẹ̀ ní mìlímítà 150 sókè. Kí ẹ tó fi ohunkóhun bò ó, ẹ dí ihò, ẹ da omi sí i títí tó fi jìn ní mìlímítà 50, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ má sanwó rẹ̀ tán.

Racine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òpó rẹ̀ ò jẹ̀bi ohunkóhun. Òrùlé rẹ̀ ló jò. Ọ̀pá gíláàsì oníhò ni Wright fi ṣe ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ gùn tó kìlómítà 69, oríkèé wọn sì pọ̀ débi pé kò sí síláǹtì ìgbà yẹn tó lè dí wọn pa. Níkẹyìn, wọ́n pààrọ̀ èyí tó wà lórí òrùlé. Oríkèé ni ẹ máa kà, kì í ṣe ẹwà. Òrùlé tó ní oríkèé díẹ̀ ló ń pẹ́.

Koríko: erùpẹ̀ séńtímítà 15 tó ti mu omi yó wúwo tó nǹkan bíi kílò 300 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Lórí 60, tọ́ọ̀nù 18 nìyẹn. Bí ẹnjiníà bá ti mọ̀ kó tó ya irin, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá ronú kàn án lẹ́yìn tí wọ́n da kọnkéré tán, ẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ gbin òdòdó sí ẹsẹ̀ àpáta.

Ẹ sì ní kí akítẹ́ẹ̀tì yín ya àtẹ̀gùn irin àti ẹnu ọ̀nà séńtímítà 80 sí 80 sínú àwòrán báyìí, kí ènìyàn lè dé orí ewé náà láìyá àkàbà. Òpin oṣù Kejì ni kí wọ́n máa gun un lọ́dọọdún láti kó ewé àti eruku ọyẹ́ kúrò lẹ́nu ihò méjèèjì, kí òjò àkọ́kọ́ oṣù Kẹta tó dé.